Òkè Tó Jáde fún Àlejò

Òórùn àgbàdo sísun nínú òjò ló máa ń gbé mi lọ síbẹ̀. Ní ìgbà ooru tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn ilé wa ní Courtice, ní Canada níbí, mo ń sun àgbàdo lórí iná èédú, òjò fẹ́ẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ sá wọlé. Èmi kò sá. Mo fi agbòjò bo iná náà, mo ń yí àgbàdo, mo ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ta pẹ́pẹ́, èéfín àti òórùn ilẹ̀ tútù sì dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ilé ló yẹ kí òórùn yẹn gbé ọmọ Yorùbá lọ, sí ojú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà. Tèmi kì í dúró níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń gbé mi kọjá ilé lọ sí Sikkim, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn India, níbi tí àwọn òkè Himalaya ti tò gbọọrọ bí eyín lẹ́nu. Mo ti sọ ìtàn náà fún ọ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ tán rí.

Nígbà náà, Jane and Finch ní Toronto la ṣì ń gbé, nínú ilé gogoro kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ kì í bàjẹ́ àfi ọjọ́ tí èèyàn bá ra àpò ìrẹsì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, PSW tí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀, ni mò ń ṣe. Wọ́n rán mi sí ìyá arúgbó kan, ọmọ Sikkim, tí ilé rẹ̀ kò ju bọ́ọ̀sì kan lọ sí tiwa. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé níbẹ̀, tíṣà ni ọmọ náà. Aama ni ọmọ ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lédè wọn nìyẹn, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà tó láti bí ìyá mi, ẹnu mi kò lè máa la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe.

Láàárọ̀, kí n tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà ni òórùn ilé wọn ti máa ń kí mi. Ewé gbígbẹ kan wà tí Aama máa ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú àwo irin fún àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀, èéfín rẹ̀ dùn, ó sì mú imú. Lẹ́yìn ìyẹn ni tíì tí wọ́n fi bọ́tà àti iyọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, iyọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fún mi mu, mo rò pé ó ṣi iyọ̀ mú dípò ṣúgà ni, mo sì ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láì kó ìtìjú bá a. Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí o ń jẹ ata bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì," ó ní, "iyọ̀ inú tíì ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù."

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló sì máa ń wà. Bí mo bá ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára kàlẹ́ńdà kan tó wà lára ògiri. Ọdún inú kàlẹ́ńdà náà ti kọjá tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Òkè kan ló wà lórí rẹ̀, ó funfun, ó ga, yìnyín bò ó látòkè délẹ̀. Kangchenjunga lorúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ahọ́n mi tó lè gbé e. Aama sọ fún mi pé nílé àwọn, òkè mímọ́ ni, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti òkèèrè wá gùn ún pàápàá máa ń dúró nígbà tó bá ku díẹ̀, wọ́n á fi ṣóńṣó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé àdúrà orí òkè, níbi tí wọ́n ti so àsíá funfun mọ́ igi ọparun, tí wọ́n dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìjọ tó dìde fún orin. Ó sọ̀rọ̀ nípa omi gbígbóná tó ń sun láti inú àpáta létí odò, tí àwọn arúgbó ń ti ọ̀nà jíjìn wá rẹ ẹsẹ̀ sí. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa adágún kan láàárín igbó, Khecheopalri, tí ewé kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní bí ewé bá já bọ́ sójú omi, ẹyẹ á wá, á fi ẹnu gbé e kúrò.

"Ṣé àwọn ẹyẹ ni agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín?" ni mo bi í.

"Àwọn ni," ó ní. "Wọn kì í sì í pa iṣẹ́ jẹ."

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí mi tó bí o ṣe lè rò. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi a máa kó wa lọ sí òkè àdúrà nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ní ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun lọ́rùn, àpáta náà á sì gbóná mọ́ wa lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, á tutù mọ́ wa lẹ́yìn láàárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Nítorí náà, tí Aama bá ń sọ nípa òkè tí wọ́n ń kí, n kì í rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan lẹ́yìn náà kí ó tó sọ ohun tó wà nídìí kàlẹ́ńdà náà fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní láti kékeré òun, ibì kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí òun máa ń dúró sí láàárọ̀ láti kí òkè náà kí òun tó fi omi kan ẹnu. Lọ́jọ́ tí òun máa bọ̀ ní Canada, òun jáde síbẹ̀. Òjò ló wà nílẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀ pátá, funfun lásán ló kù. Òun dúró, òun dúró, ọkọ̀ sì ń fun fèrè níta.

"N kò dágbére fún un," ó ní. "Mo kàn jáde bí olè. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n dágbére dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní bínú sí ibi yòówù kí wọ́n sin mí sí."

Mo gbé ọ̀bẹ èékánná sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi náà ń bọ̀, àga ni bàbá mi gbé dí ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó lé e, ó ní ẹrù kankan kò ní kọjá àfi bí òun bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àbúrò mi ń pariwo pé ọkọ̀ òfuurufú kò ní dúró dè wá. Bàbá ní kí ọkọ̀ máa lọ, àdúrà ẹnu ọ̀nà ju ọkọ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì yí àga rẹ̀ sápá kan. Nítorí náà, ohun tí Aama ń sọ kò ṣókùnkùn sí mi. Mo mọ ohun tí a fún mi lọ́jọ́ náà tí òun kò rí gbà.

Lọ́dún yẹn, dókítà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkàn ìyá náà ti ń rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n má dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà pè mí sí ilé ìdáná. Ó ní ilé-ìwé máa tó tì fún ìsinmi gígùn, July làwọn máa lọ, òun nìkan kò sì lè dá Aama gbé. "Sístà, jọ̀ọ́," ó ní, "ìwọ ló mọ egungun rẹ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ wa ń bu ìrẹsì sáwo lẹ́yìn ìsìn nígbà tí mo sọ fún wọn. Ṣíbí dúró lókè.

"Ṣé òkè ti tán ní Canada ni?" wọ́n ní. "Ibi òrìṣà lo fẹ́ lọ yẹn o. Bí wọ́n bá ní kí o tẹrí ba ńkọ́?"

"Màmá, mò ń tẹrí ba wẹ ẹsẹ̀ ìyá náà lójoojúmọ́."

"Ìyẹn niṣẹ́. Èyí yàtọ̀." Wọ́n fi ẹran kan kún tèmi, àmì pé ọkàn wọn kò balẹ̀. "N óò máa gbààwẹ̀ fún ọ."

Pásítọ̀ wa tó wà nítòsí kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ mi, kí n gbé Ìwé Mímọ́ mi dání, Ọlọ́run tó dá òkè náà kò ní ṣàì dá mi mọ̀ níbẹ̀.

A wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Delhi, a tún wọ kékeré, lẹ́yìn náà a wọ jíìpù tó ń gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan tó ń hó, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òjò kò dá. Igbó tútù yọ̀yọ̀, omi ń ṣàn láti gbogbo ojú àpáta bí ẹni pé òkè ń làágùn. Níbì kan, ilẹ̀ ti ya bo ọ̀nà, ẹ̀rọ sì ń kó yẹ̀pẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tò sílẹ̀ ń dúró. Ibẹ̀ ni òórùn náà ti wọ inú ọkọ̀. Obìnrin kan jókòó lábẹ́ ọ̀rá, ó ń sun àgbàdo. Mo bọ́ sílẹ̀ kíá. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, ó fi iyọ̀ àti ata wọ́n ọn, mo sì gbé e wá fún Aama, mo ń fi ọwọ́ yín in fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí eyín rẹ̀.

"Aama," mo ní, inú mi ń dùn, n kò ro nǹkan kan, "àsìkò òjò yín rèé, àbí? Nílé wa, bí àgbàdo bá ti ń jáde báyìí, òjò kò tíì múra àtilọ."

Awakọ̀ ló dá mi lóhùn. "Gidi ni," ó ní. "Ta ló ń wá síbí lásìkò yìí? Ẹ̀ bá wá ní October. October ni òkè ń jáde."

Ọmọ Aama yí ojú padà láti iwájú ọkọ̀, n kò lè gbàgbé ojú náà. Láti kékeré ló ti kúrò nílé. Canada ló kọ́ ọ ní ìgbà àti àkókò: bí yìnyín bá wà, kí èèyàn jókòó sílé, bí oòrùn bá yọ, kí gbogbo ayé rìnrìn àjò. Lọ́kàn rẹ̀, July mọ́lẹ̀ níbi gbogbo. Má dá a lẹ́bi. Àwa náà ńkọ́, tí a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sílé nígbà ìsinmi yìí kan náà, tí òjò á sì tì wọ́n mọ́ pálọ̀ ìyá wọn àgbà títí wọ́n fi máa padà? Aama kọjú sí gíláàsì ọkọ̀, ó ń fi ẹ̀sọ̀ jẹ àgbàdo rẹ̀.

Pelling la dé sí, ìlú kékeré kan tó tò sórí òkè gbọọrọ. Ìyá onílé tó gbà wá ṣí fèrèsé yàrá, ó nawọ́ síta. "Ibẹ̀ ló wà," ó ní. A wò. Bí ẹni ta aṣọ funfun bo fèrèsé ni. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, ọmọ Aama á ti dúró síbẹ̀ kí tíì tó dé. Ìkùukùu a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, a máa wọ inú yàrá pàápàá, kí aṣọ tí a sá tó gbẹ di àdúrà. A lọ sí ilé ìsìn àtijọ́ kan lórí òkè. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti ń wọ ibẹ̀ láti ayébáyé, òórùn fìtílà bọ́tà sì gba gbogbo inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fárí, tó wọ aṣọ pupa, ló bá mi gbé kẹ̀kẹ́ Aama gòkè. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gba àdúrà tèmi sínú bí ó ti ń gba tirẹ̀. Ẹnì kankan kò ní kí n tẹrí ba. Níta, àwọn àsíá funfun náà wà níbẹ̀ bó ṣe wí, omi òjò ń kán lára wọn. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a wá wò nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bẹ́. A ń jẹun lọ́wọ́ ni ọmọ náà ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn, èdè òyìnbó ló sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Aama, ẹ mọ̀. Ìlú yín ni. Ẹ mọ̀ pé òjò ló ń rọ̀ ní July!"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Aama nu ẹnu rẹ̀. "Bí mo bá sọ, wàá ní ká dúró di October. Ní October, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ń dúró dè ọ́. Wàá wá ní ká jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi, ta ló ni ọdún tó ń bọ̀?"

"Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i!"

"Bóyá. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn ná."

Ọmọ náà dìde, ó jáde sí fàráńdà. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ń sunkún, ó di irin fàráńdà mú. "Mo gbé ìyá mi la ayé já wá wo ìkùukùu," ó ní. Mo kàn dúró tì í. Nílé wa, a máa ń sọ fún ẹni tó ń sunkún pé kó pẹ̀lẹ́, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, òun náà kò sì bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, òjò dẹwọ́ díẹ̀, a lọ sí adágún náà. Igbó dúdú ló yí i ká, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún eṣúṣú. Mo já méjì kúrò lẹ́sẹ̀ ara mi kí a tó dé etí omi. Pákó kan nà wọ inú adágún bí afárá, àwọn àgbá kéékèèké tí wọ́n ń yí fún àdúrà sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti bọ́ bàtà mi, mo ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo ti ká ṣòkòtò sókè. Kò tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò ó. Ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi tó wà. Aama wo ẹsẹ̀ mi lórí pákó tútù náà.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, Aama."

Ó mi orí, bí ẹni pé ó ti mọ bàbá mi tipẹ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òpin pákó. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti bọ̀, ìkùukùu ń rìn lórí rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yẹ etí rẹ̀ wò dáadáa.

"Aama, ewé wà létí omi yìí o. Ó jọ pé àwọn ẹyẹ yín náà ti gba ìsinmi bíi tíṣà."

Aama kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín mìíràn lẹ́yìn wa. Ọmọ rẹ̀ ni, ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ àgbàdo. Ó wá jókòó sórí pákó, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Aama gba àdúrà tirẹ̀. Èmi gba tèmi sínú, ní orúkọ tí wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè. Mo ní, Bàbá, ìwọ lo ni ìkùukùu, jọ̀ọ́, sún un sápá kan fún ìyá yìí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò, mo jí ṣe àdúrà òwúrọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ létí fèrèsé kí n má baà jí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣe àmín tí mo la ojú, ìkùukùu ti wálẹ̀ sínú àfonífojì, ó tẹ́ lọ bí òwú tí wọ́n sá. Lókè rẹ̀, n kò rí nǹkan kan, ojú ọ̀run lásán. Ọkàn mi fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ohun kan ló sọ fún mi pé kí n gbé ojú sókè sí i. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ló wà. Láti ọjọ́ tí a ti dé, ìsàlẹ̀ la ti ń wò. Òkè náà ga ju ibi tí èmi rò pé ilẹ̀ lè dé lọ, ó dá dúró sójú ọ̀run bí ohun tí kò ní ìdí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àárọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á lórí. Ó pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ.

"Aama! Aama, ó ti jáde!"

Ọmọ rẹ̀ ta gìrì, ó sáré jáde láti yàrá kejì. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, o mọ̀ ọ́n. A kì í fa arúgbó dìde lórí ibùsùn bí ẹni fa àpò ẹ̀wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìhà kan yí. Ó gbọ́dọ̀ jókòó, kó rọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó mọ ibi tó ń lọ, pàápàá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òòyì á kọ́ ọ, á sì ṣubú. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ń ka èémí rẹ̀.

"Yára, Sístà, yára!"

"N kò lè yára."

"Ó máa lọ!"

"Mo mọ̀. N kò lè yára."

N kò tíì ṣe ohun tó nira fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí, kí n máa fi ẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ara mi ń sáré. Mo wọ ṣúẹ́tà sí i lọ́rùn. Mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí a fi máa dé fàráńdà, funfun ló kù. Bí ẹni pa ìwé dé ni ìkùukùu ti gòkè padà.

Ọmọ náà sọ ara rẹ̀ sórí àga. "Ó ti lọ."

Aama ń wo iwájú. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó bi mí pé, "Níbo ló dúró sí?"

Mo nawọ́.

"Na ọwọ́ rẹ dáadáa."

Mo na án títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju orí mi lọ. Ó tẹ̀ lé ìka mi pẹ̀lú ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó rí i," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ó rí i lóòótọ́. Ẹni tí kò bá rí i rí, ìsàlẹ̀ ló máa ń nawọ́ sí." Ó tún kọjú sí mi. "Kí ló wọ̀?"

"Ó pọ́n, Aama. Bí inú ìbẹ́pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dúdú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń tàn."

"Aṣọ òwúrọ̀ rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Kò tíì pààrọ̀ rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. "Àwa la wá nítorí rẹ̀, Aama. Sístà nìkan ló wá rí i."

"Kí ló burú ńbẹ̀? Àlejò ni wọ́n ń jáde wá kí. Èmi ọmọ ilé ni. Ìgbà wo lo rí ìyá tó wọ aṣọ ìyì nítorí ọmọ tó wà nínú ilé rẹ̀?"

Ó ní kí n bọ́ bàtà òun. Mo bọ́ ọ, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé pákó tútù náà, ẹsẹ̀ tí mo ti fi òróró pa títí tí mo mọ gbogbo iṣan rẹ̀. Ó yọ ìborùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ni sí nílé wọn, láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé e sókè sí ibi tí ìka mi ti fi hàn án. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, kò pariwo, kò sunkún, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ọgbà kó tó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ rẹ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Mo rántí àga bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó parí, ó fi ìborùn náà lé irin fàráńdà, ó ní, "Ó tán. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Nígbà tí mo padà dé Toronto, Ìyá Ìjọ ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n fi imú wá mi lára bóyá èéfín ẹlòmíràn wà lára mi.

"Ṣé o tẹrí ba?"

"Rárá, Màmá. Orí ni mo gbé sókè."

Aama fúnra rẹ̀ ló ní kí n yọ kàlẹ́ńdà náà lára ògiri. Ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó la ìgbà òtútù yẹn já, ó ń mu tíì oníyọ̀ rẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ó sùn lọ ní ọ̀sán kan lórí àga rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn wọn kóra jọ láti ṣe ìdágbére fún un, ọmọ rẹ̀ fà mí dìde. "Sístà," ó ní, "sọ fún wọn bó ṣe rí." Mo dúró láàárín àwọn tó jẹ́ pé ìlú wọn ni, èmi ọmọ Yorùbá, mo sì sọ fún wọn bí òkè wọn ṣe rí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo nawọ́, àwọn arúgbó ibẹ̀ gbé ojú sókè tẹ̀ lé ìka mi, wọ́n ń wo àjà gbọ̀ngàn náà bí ẹni pé ó ti ṣí.

Ẹ̀rí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́rìí: Ọlọ́run ṣe èyí fún mi, Ọlọ́run ṣe tọ̀hún fún mi, ẹ bá mi dúpẹ́. N kò mọ̀ títí di ìgbà náà pé èèyàn lè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó kàn máa gbé e fún ẹlòmíràn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi òkè náà han Aama. Èmi ló fi hàn. Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́ pé àdúrà mi kò gbà dáadáa. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Aama kò nílò òkè náà tó bí ó ṣe nílò ẹni tó máa sọ fún un pé ó ṣì wà níbi tó fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dágbére fún ìkùukùu, ìdágbére náà sì pé. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi kọ́ mi ní òkè àdúrà nìyẹn gan-an, kí èèyàn kọjú sí ibi tí ó mọ̀ pé ẹni náà wà, kí ó sì bọ́ bàtà.

Ní ọjọ́ àgbàdo Courtice tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi tún jáde sínú òjò, ó fi aṣọ bo orí. Ó bá mi níbi tí mo dúró sí, tí mo ń wo ojú ọ̀run.

"Mummy, what are you looking at?"

Mo fi àgbàdo kan lé e lọ́wọ́. Òun náà wò lọ sí orí òrùlé àwọn aládùúgbò, níbi tí ìkùukùu ti bẹ̀rẹ̀.

"There's nothing there," ó ní.

"Ìsàlẹ̀ lo ń wò," mo sọ fún un. "Gbé ojú rẹ sókè sí i."